Ta Ló Ni Orí Ọmọ Yìí?

Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀, nígbà tí ilé ìwé kù díẹ̀ kó wọlé, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mò ń dúró de ọmọkùnrin mi. Ọmọ mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ńṣì. Márùn-ún nínú wọn, obìnrin ni. Ìyá àgbà kan mú ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ girama wá. Ṣùkú ni wọ́n dì fún ọmọ náà, omijé sì ti dé ojú rẹ̀. Bí kílípà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, màmá kọjú sógiri, ó ní, "Ta ló kú, tí wọ́n fi ń fárí fún ọmọ mi?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Láyé tiwọn, opó ni wọ́n ń fárí fún.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè bí irun ọmọbìnrin ṣe di ohun tí ilé ìwé ń gé dànù. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ kò gùn: ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lọ́dún 1842, ilé ìwé tẹ̀ lé ìjọ, yunifọ́ọ̀mù tẹ̀ lé ilé ìwé, òfin tẹ̀ lé yunifọ́ọ̀mù. Ẹni tó kọ́kọ́ mú àlùmọ́gàjí ni àwọn àgbà ń jà sí.

Ìjà ọ̀hún ṣojú mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Òkè-Àdó. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, onídìrí láti Òjé, ni wọ́n jọ jókòó. Tíṣà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló fà á. "Ọgọ́rùn-ún ọmọ, kò sí ìyá ẹnì kan níbẹ̀. Agogo ìdájí á lù, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á gbálẹ̀. Ta ni yóò dìrí fún wọn?"

"Àwọn fúnra wọn ni," ni onídìrí dá a lóhùn. "Họ́sítẹ́ẹ̀lì yín yẹn gan-an ni ọmọ mi ti kọ́ kojúsọ́kọ. Mi ò kọ́ ọ."

"Iná orí ńkọ́?"

"Ìgbà tí a bá ń dìrí la ń rí iná orí pa. Tíṣà, ẹ sọ òótọ́. Òwú ló ń bí yín nínú. Nígbà tí irun olówùú gbòde, tí àwọn ọmọ ń kó onílé gogoro, tí wọ́n ń kó Èkó Bridge, ẹ rí i pé orí wọn ń ga ju tiyín lọ."

Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi fà á. Ti irun olówùú yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ayafọ́tò nì, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun obìnrin Nàìjíríà lọ́dún 1968, onílé gogoro sì wà lára ohun tó yà. Ohun tí tíṣà àti onídìrí fẹnu kò lé lórí ni pé kí gígé tó gbilẹ̀, irun ọ̀sẹ̀ ló wà: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, a ó kọ ọ́ sójú pátákó.

Irun ọ̀sẹ̀ ni èmi bá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, n ó jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá mi, ìlarun á máa la orí mi, òórùn àdí á gba ìyàrá kan. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ilé wa. Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n ti yan pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi wà lóko òwò, kòlẹ́sẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ mọ̀ ọ́n dì. Olùkọ́ kan pè mí síwájú ìlà, ó fi àlùmọ́gàjí la ọ̀nà láti iwájú orí mi dé ìpàkọ́. Mo fi ìborùn bo orí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ìwé òfin ilé ìwé ọmọ mi wà níwájú mi báyìí. Ìlà méjì ni ti ọkùnrin: kí wọ́n gé irun, kí wọ́n ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò. Ti obìnrin jẹ́ ìlà mọ́kànlá, láti orí yẹtí dé èékánná, dé ìwọ̀n tí aṣọ gbọ́dọ̀ fi kọjá orúnkún, "kí ó má baà fa ojú ọkùnrin mọ́ra." Kò sí ìlà kan fún ẹni tó ni ojú náà. Àwọn kan ń sọ pé a ń gé ti ọkùnrin náà, pé ìdọ́gba nìyẹn. Èmi ò gbà. Irun tí ọmọkùnrin ń gé nílé náà ló ń gé nílé ìwé. Ọmọbìnrin ni wọ́n ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ìjáàbù nílé ìwé ìjọba Èkó pàápàá, ilé ẹjọ́ gíga kọ̀ ọ́ lọ́dún 2014, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà á lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fòǹtẹ̀ lù ú lóṣù Òkúdù 2022. Orí ọmọbìnrin náà ni àwọn àgbà tún ń fà láti kóòtù dé kóòtù.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá fá lórí ní ìdí. Ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fá ìdajì orí fún, kí ayé lè mọ̀ pé ọba ló ni wọ́n. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó lágbára, a dìrí bí ìyàwó. A kì í ṣàdédé gé irun Dàda. Báwo la ṣe wá ń fá orí ọmọ tí kò ṣọ̀fọ̀, tí kì í ṣe ìlàrí?

Bàbá kan ní Ìdíkàn ní àwọn tíṣà ará Gáná ló mú gígé irun náà wá, àwọn tó kún girama wa kí ìjọba tó lé wọn lọ lọ́dún 1983. Lóòótọ́, wọ́n ṣì ń gé irun ọmọbìnrin girama ní Gáná. Bàbá ní ẹnu tíṣà ìṣirò òun lòun ti gbọ́ ọ.

Ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá irun rẹ̀ kiri orí. Ọmọṣẹ́ gbé ìgbálẹ̀. Màmá ní kó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìdì irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, ó kó o sínú ọ̀rá dúdú, ó so ó lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló tú ìborùn ọrùn ara rẹ̀, ó fi wé orí ọmọ, wọ́n sì bọ́ sínú oòrùn.