Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń tú àṣírí òjé

Ẹ̀yin ará wa ní Kofar Doya, omi odò lè mọ́ gaara lójú, kí májèlé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2010, ní àgbègbè Anka ní Zamfara, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó lé ní 400.

Òjé kì í sábà yòrò sínú omi. Inú ẹrẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, kì í ṣe omi nìkan. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á fi ásíìdì yọ́ ọ, kí ẹ̀rọ tó ka ìwọ̀n òjé inú rẹ̀. Wọ́n á wá fi wé ẹrẹ̀ ibi tí ìwakùsà kò dé.

Odò Sókótó gba Gusau kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ò sọ pé ó ti bàjẹ́ o; àyẹ̀wò ló lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: síse omi kì í lé òjé kúrò. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹ̀fọ́ fàdámà dáadáa, kí ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ òkúta góòlù, kó má ṣe é nílé. Kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbé ọmọ.