Yàrà Ṣùngbọ́ àti Ibojì Òkè-Eri

Ẹ̀yin ará mi, bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, yóò dé ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Erédò. Orúkọ kan náà ni a fi ń pe yàrà ńlá àtijọ́ tí ó gba inú igbó ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà yìí yóò rí ògiri ilẹ̀ pupa ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì; igi pàdé lókè orí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì dín kù. Kò ya ni lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ òkú àti ti ẹ̀rù yí irú ibẹ̀ ká. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ ná, lẹ́yìn náà kí a wo ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ.

Àwọn àgbà ní, ní ìgbà láéláé, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bilikísù Ṣùngbọ́. Ó ní owó, ó ní ẹrú, ṣùgbọ́n opó ni, kò sì bí ọmọ. Nígbà tí ó rò ó pé orúkọ òun yóò parun, ó pàṣẹ kí a gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ náà ká, kí ó lè jẹ́ ìrántí fún òun. Òkè-Eri, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ní a sin ín sí. Wọ́n ní koríko kì í hù lórí ibojì náà. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ a máa mọ́ láìsí ẹni tí ó gbá a. Wọ́n sì ní ajá tí ó bá wọ ibẹ̀ kì yóò yè. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pẹ̀lú a máa lọ wo ibẹ̀.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní obìnrin yìí ni ayaba Ṣébà tí ó lọ dán Sólómọ́nì wò, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 10. Ohun tí ó fa èyí ni pé Bilikísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ayaba náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Gígùn yàrà àti òkìtì rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 100. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó ẹsẹ̀ bàtà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959, Patrick Darling sì mú kí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé ní ọdún 1999. Àwọn tí ó wá walẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà rí i pé nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni a gbẹ́ ibi tí wọ́n yẹ̀ wò. Sólómọ́nì sì ti jọba ní nǹkan bí 950 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ó ju 2,000 ọdún tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà ayaba Ṣébà kọ́ ni ó ni iṣẹ́ yìí. Ní ti koríko, ibi tí igi ṣíji bò, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ̀ nígbà gbogbo, koríko kì í fẹ́ hù níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní abúlé kékeré kan tí à ń pè ní Reach, ní Cambridgeshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì àti yàrà àtijọ́ kan wà tí ó gùn ju máìlì 7 lọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbàgbé àwọn baba wọn tí ó gbẹ́ ẹ, wọ́n sì wí pé Èṣù ni ó fi ìrù rẹ̀ fa ilẹ̀ náà nígbà tí a lé e kúrò níbi ìgbéyàwó. Ibi tí ènìyàn bá ti gbàgbé òṣìṣẹ́, níbẹ̀ ni yóò ti wá iwin kún àyè rẹ̀.

Ìyanu tòótọ́ tí ó wà nínú yàrà Ṣùngbọ́ ni èyí: ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e gòkè. Ṣùngbọ́, tí kò bí ọmọ, ni orúkọ rẹ̀ wà. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ni orúkọ wọn parun.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn mí nìyí. A ń bẹ̀rù ibojì kan ṣoṣo débi pé a kò jẹ́ kí ajá wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rù láti fi katakata wó òkìtì náà fún ọ̀nà àti fún ilé. Láti ọdún 1995 ni a ti kọ orúkọ yàrà yìí ránṣẹ́ sí UNESCO, kí a lè kà á mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Kí ni àǹfààní orúkọ nínú ìwé, bí a bá ti tẹ́ ohun náà pẹrẹsẹ?

Jóṣúà to òkúta 12 jọ lẹ́bàá Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ baba wọn. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí Erédò. Ẹ sọ ìtàn opó náà fún wọn, ẹ sì sọ iye ọdún àti gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rù kò lè pa odi mọ́. Ìmọ̀ ni ó lè pa á mọ́.