Àtìmọ́lé nìkan ò lè gba ọmọ lọ́wọ́ igbó

Ẹ̀yin òbí Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o! Lọ́dún 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó nítorí oògùn olóró. Ṣé òwò ọ̀hún parí? Rárá! Lọ́dún 1989 ni wọ́n dá àjọ NDLEA sílẹ̀, síbẹ̀ ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nílẹ̀ Yorùbá, ó ju ẹnìkan lọ nínú èèyàn márùn-ún, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, tó lo nǹkan wọ̀nyí láàárín ọdún kan.

Ẹni tó ń gbin igbó, tó ń tà á, kí NDLEA gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kódéènì àti tírámádọ̀ ti di bárakú fún, àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ̀wọ̀n láìsí ìtọ́jú, ṣe ló máa sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ ọ̀daràn.

NDLEA gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn: nọ́ńbà wọn ni 080010203040, ọ̀fẹ́ ni. Ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ náà sì wà n'Ídó.

Ẹ má fi ọmọ pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lórúkọ ìwòsàn. Ẹ tètè wá dókítà. Bí a bá ń lé olè, ẹ jẹ́ ká tún máa tọ́jú ẹni tí olè ṣá ládàá.