Kí ẹ tó ṣe 'update' rédíò ọkọ̀ yín

Rédíò Android tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ ti gbòde. Kò burú. Àwọn tó ní kí ẹnikẹ́ni tí tiẹ̀ bá ń lọ́ra sáré ṣe update ni mi ò gbà fún.

Fáìlì tó bá rédíò kan mu lè pa òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, torí pé bọ́ọ̀dù inú wọn yàtọ̀. Ẹ ṣí Settings, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà MCU. Ẹ tún ya ti CAN bus tó so rédíò mọ́ ọkọ̀, kí bọ́tìnì orí sítíárìn àti kámẹ́rà ẹ̀yìn má baà dákẹ́. Iná ò sì gbọdọ̀ já lẹ́nu iṣẹ́ o!

Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Àwọn kan ń kọ Android 13 sójú rédíò tó jẹ́ pé Android 10 ló wà nínú ẹ̀. Update wo ló fẹ́ tún irọ́ ṣe? Tí ọlọ́jà bá nawọ́ sí "No refund" tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ìwé lásán ni. Òfin FCCPA ọdún 2018 ta ko irọ́ pípa nípa ọjà, ó sì fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá èyí tí kò wúlò fún ohun tó torí ẹ̀ rà á padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n kọ iye Android àti RAM sórí rìsíìtì lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á.