Ẹ tẹ sin 30 kí ẹ tó wọ yàrá ìdánwò GCE

Bí ẹ bá ti kúrò nílé ìwé girama, tí ẹ wá fẹ́ fúnra yín ṣe ìdánwò WAEC, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní GCE, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. WAEC gbà kí ẹ lo kàlíkúlétọ̀ nínú Ìṣirò, tó bá ti jẹ́ èyí tí kì í pariwo, tí kò ní wáyà, tí èèyàn ò sì lè to ètò sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í dáhùn ohun tó wà lọ́kàn yín o. Ohun tí ẹ tẹ̀ ló ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Òrè, ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Wọ́n gbé pákó mítà 6 ti ara ọkọ̀ akẹ́rù. Igun tó wà láàárín pákó àti ilẹ̀ jẹ́ dìgírì 30. Báwo ni orí pákó ṣe ga tó sílẹ̀? 6 × sin 30° ni. Sin 30° jẹ́ 0.5, torí náà mítà 3 ni ìdáhùn.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gbé -5.93 wá, RAD ló wà. Orí pákó ti wọlẹ̀ lọ nìyẹn! Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé nǹkan ti dàrú. Bó bá jẹ́ 2.72, GRA ló wà. Èyí gan-an ló burú jù, torí ó jọ òótọ́. Ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa yọ̀ lọ sílé.

Kí ló fà á? Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń gbà wọn igun. Igun ojú ìwé yín jẹ́ 90 ní DEG, 100 ní GRA, àti nǹkan bí 1.57 ní RAD. Tí ẹ bá tẹ 30 nígbà tó wà ní GRA, dìgírì 27 péré lẹ sọ fún un. Ó dà bíi kí ẹ ra gàrí kóńgò 30, kí ìyá ọlọ́jà wá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. 30 náà ni, àmọ́ gàrí ò pé.

Torí náà, láàárọ̀ ìdánwò, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ yá kàlíkúlétọ̀ ni, ẹ tẹ sin 30. Bí kò bá jẹ́ 0.5, ẹ lo bọ́tìnì MODE tàbí DRG láti dá a padà sí DEG.

Ẹ má fojú di akámọ́ náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ ro 12 àti 6 pọ̀, kí ẹ wá fi 2 × 3 pín in, 3 ni ìdáhùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ 12 + 6 ÷ 2 × 3, 21 lẹ máa rí. (12 + 6) ÷ (2 × 3) ni kí ẹ tẹ̀.

Paríparì ẹ̀, ẹ kọ 6 × sin 30° sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ kọ iṣẹ́ yín, máàkì wà fún ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é, kì í ṣe fún ìdáhùn nìkan. Bí ẹ̀rọ bá já yín kulẹ̀, ohun tí ẹ kọ ṣì lè gbà yín.

Owó fọ́ọ̀mù GCE kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí bọ́tìnì kan ṣoṣo gbé e lọ.