Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Láti Ẹ̀rúnmu sí yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òbí wa ní Ẹ̀rúnmu, kò sí JAMB nínú èyí o. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọmọ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fíforúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì Common App, ẹ sì lè tibẹ̀ kọ̀wé sí ilé ìwé tó tó 20.

Ibi tó ń mu àwọn ọmọ wa lómi ni èsì ilé ìwé. WAEC nìkan kò tó. Wọ́n fẹ́ rí máàkì ọmọ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, sáà dé sáà. Ẹ tètè lọ bá olùkọ́ tó máa ṣí ìwé ńlá tí ilé ìwé ń kọ máàkì sí, tó máa da máàkì náà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó máa lu òǹtẹ̀ sí i. Ilé ìwé ló máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Owó ńkọ́? Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í tìtorí àìlówó òbí kọ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Àmọ́ ìwọ̀nba ọmọ ni wọ́n ń mú, ọ̀pọ̀ irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ló sì ń ti ìlẹ̀kùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún.

Òfin físà ń yí padà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ EducationUSA ti ìjọba Amẹ́ríkà, l'Ékòó tàbí l'Ábújá, kẹ́ ẹ tó náwó fún ẹnikẹ́ni.