Bí A Ṣe Ń Wádìí Ojú Òpó Ayélujára Kí A Tó Sanwó

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ kan wọ orí fóònù rẹ̀ pé ìjọba fẹ́ pín oògùn kòkó, kí ó lọ san owó fọ́ọ̀mù lórí ojú òpó ayélujára kan. Òǹtẹ̀ ìjọba wà níbẹ̀, àwòrán Òkè Ìdànrè náà wà níbẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Kò sí orúkọ ojú òpó tí kò ní àkọsílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti ń ní ìwé. Láti ọdún 1982 ni ìlànà WHOIS ti wà fún wíwo àkọsílẹ̀ náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ń dáhùn bí ó ti wù ú. Kódà, kíkọ ọjọ́ lásán kò bára mu. Ní ọdún 2015, àjọ IETF gbé ìlànà RDAP jáde, tí ó mú kí ìdáhùn gbogbo wọn rí bákan náà: ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kínní, ọdún 2025, ICANN, àjọ tí ó ń ṣètò orúkọ ayélujára lágbàáyé, kò fi WHOIS ṣe dandan mọ́ fún àwọn orúkọ bíi .com.

Kí àgbẹ̀ wa tẹ orúkọ náà sí lookup.icann.org. Bí ó bá parí sí .ng, ọ̀dọ̀ NiRA ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Orúkọ ẹni tí ó ni ín lè má hàn, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni. Oníjìbìtì kò kúkú ní fi orúkọ gidi sílẹ̀. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ wò. Ojú òpó tí ó ní òun ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ má ṣe sanwó síbẹ̀. Àmọ́ o, pé ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ kò sọ ọ́ di olóòótọ́.

Ẹ wo ìparí orúkọ náà pẹ̀lú. NITDA ni ó ń ṣe àkóso .gov.ng, ilé-iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Orúkọ tí ó ní «gov» láàárín, ṣùgbọ́n tí ó parí sí .com, ẹnikẹ́ni ni ó lè rà á.